Sítíkà i7 ló wà lára, i5 ló wà nínú: Bí wọ́n ṣe fẹ́ẹ́ ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ fún ọmọ Òfíkì

Owó àjọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dá fún odidi ọdún kan nídìí òwò èlùbọ́ ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi ra kọ̀ǹpútà. Ibi tọ́rọ̀ ti kàn mí nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n pè mí lórí fóònù láti Òfíkì, a ò tiẹ̀ tíì kíra wa tán tí wọ́n fi ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Ọmọ rẹ ní òun ti rí i-sẹ́fùn ní Ṣakí, ẹni tó ń tà á sì ní bí a ò bá san owó lọ́la, òun á tà á fẹ́lòmíì. Ṣé ó dáa àbí kò dáa?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sanwó o. Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i."

Ẹni tí kò bá mọ Òfíkì, ìlú àwọn àgbẹ̀ ni, lágbègbè Òkè-Ògùn, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996, tí wọ́n fi Tédè ṣe olú-ìlú rẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń pe odò Òfíkì, èyí tó ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Iṣu àti gbágùúdá la fi mọ̀ wọ́n níbẹ̀, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí fẹ́ẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Lójú ọ̀sán, yóò máa tẹ lẹ́tà fáwọn èèyàn, yóò máa ṣe pósítà òkú àti káàdì ìgbéyàwó, yóò sì máa tẹ ìbéèrè ìdánwò fáwọn ilé-ìwé. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò yóò máa wá san owó láti gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà. Èmi ò rí àìdáa kankan nínú ẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n kó owó ọdún kan lé ohun tí ò ní í lè ṣiṣẹ́ méjèèjì.

Bá a ṣe dé Ṣakí lọ́jọ́ Sátidé, oníṣọ́ọ̀bù náà ti gbé ẹrù ọ̀hún sórí tábìlì dè wá. Dell OptiPlex 7010 ni, èyí tó kéré, tó ṣeé dùbúlẹ̀. Sítíkà i7 wà lójú ẹ̀ tó ń dán gbinrin. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ o. I-sẹ́fùn rèé, UK tààrà ni. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní Ìbàdàn ní iye tí mo pè é yìí."

Mo ní kó tan iná sí i. Nígbà tó tàn, mo tẹ bọ́tìnnì tó ní àmì Windows pọ̀ mọ́ R, mo kọ dxdiag síbẹ̀, mo tẹ Enter. Kò ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ tí òótọ́ fi jáde. Níbi tí wọ́n kọ Processor sí, Intel Core i5-3470 ni mo rí. Mi ò sọ nǹkan kan, mo kàn dojú mọ́nítọ̀ kọ ọ̀gbẹ́ni náà. Ó wò ó, ó fọwọ́ họ orí. "Háà, ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe kó o jáde látinú kọ̀ǹténà nìyẹn o. Èmi kọ́ ni mo lẹ̀ ẹ́."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ irọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé sítíkà kò le rárá láti rí rà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí ọ̀kan kúrò kó lẹ òmíì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo fà á sẹ́yìn, mo ní, "Má bínú. Ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan purọ́ orúkọ fún wa, ọ̀tọ̀ sì ni kí ọjà náà má dáa. Jẹ́ ká yẹ ẹ́ wò ná."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n Bọ̀dá, ṣé i5 lè gbé géèmù?"

Ìbéèrè tó yẹ ká dáhùn nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé i7 gbọ́dọ̀ ju i5 lọ, pé i5 gbọ́dọ̀ ju i3 lọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ oko, ó máa tètè yé yín. Prósẹ́sọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà dà bí àwọn alágbàṣe tẹ́ ẹ gbà pé kí wọ́n wá kọ ebè. Ohun àkọ́kọ́ ni iye wọn. Alágbàṣe mẹ́rin ló wà nínú i5-3470. Ìkejì ni iye ìgbà tí ọkọ́ wọn ń kan ilẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní gígáhẹ́ẹ̀sì. 3.2 ni ti èyí, tí iṣẹ́ bá sì le, ó lè sáré dé 3.6. Ìkẹta, èyí táwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í sọ, ni bí ọkọ́ ṣe tóbi tó, ìyẹn iye iyẹ̀pẹ̀ tó ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Pentium 4 tí wọ́n ṣe lọ́dún 2003 náà ń sáré 3.2, nọ́ńbà kan náà, ṣùgbọ́n alágbàṣe kan ṣoṣo ni, ọkọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò sì ju ti ọmọdé lọ. Bí ẹnì kan bá ní torí pé méjèèjì jẹ́ 3.2, ọgbọọgba ni wọ́n, ẹ yáa máa rìn lọ.

i7-3770 tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún i5-3470 yìí ńkọ́? Alágbàṣe mẹ́rin náà ni! Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé alágbàṣe kọ̀ọ̀kan lè mú ebè méjì lẹ́ẹ̀kan náà: bó bá ń dúró kí wọ́n gbé ebu iṣu wá fún ti àkọ́kọ́, á bọ́ sórí ìkejì. Àwọn oníṣòwò á sọ fún yín pé èèyàn mẹ́jọ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn, mẹ́rin ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í jókòó lásán. Ó tún fi díẹ̀ yára jù, 3.4 tó lè dé 3.9. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kò lè mọ ìyàtọ̀. Ẹni tó ń gé fídíò ìgbéyàwó ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ewu gidi wà níbòmíì, ẹ sì fetí sí i dáadáa. Lẹ́tà tó bá gbẹ̀yìn nọ́ńbà ṣe pàtàkì. Ẹ lè rí i5-3470T lọ́jà. Lójú ẹni tí kò mọ̀, nǹkan kan náà ni pẹ̀lú i5-3470. Àmọ́ T ìdí ẹ̀ yẹn ti dá alágbàṣe méjì padà sílé: méjì péré ló kù nínú ẹ̀, 2.9 ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Iná tó ń jẹ kéré lóòótọ́, wátì 35 dípò 77, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ sanwó fún. Mo tún ojú mi fi sójú dxdiag yẹn lẹ́ẹ̀mejì láti mọ̀ pé kò sí T níbẹ̀.

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé i5 ni ìran tó ti wá. 3 ni ti èyí, ìran kẹta, lọ́dún 2012 ló jáde. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ owó ni. Láàárín ọdún 2023 sí 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 460 náírà, ó di nǹkan bíi 1,500 náírà. Ta ló ń ta èlùbọ́ tó fẹ́ẹ́ lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun látinú páálí? Tòkunbọ̀ ló kù. Àwọn ilé-iṣẹ́ nílẹ̀ òyìnbó ló máa ń lo irú OptiPlex yìí fún ọdún mélòó kan, tí wọ́n á kó o dànù lẹ́ẹ̀kan, táwọn tiwa á sì kó o wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ló ń gba Èkó wọlé lọ́dún kan, àti pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin tó ti kú pátápátá kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tan iná sí i kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ̀ǹpútà yẹn gba ohun tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ kó tó ṣí. A ṣí Word, a ṣí CorelDRAW, a ṣí ojú ìwé bíi mẹ́wàá lórí Chrome. Ló bá gan pa! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé mo ti fẹ́ẹ́ ra ìyà fún un. Mo ní kó tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ò ní í gbà gbọ́. Prósẹ́sọ̀ tá a ń bú, kò lo ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ lọ. Háádì-dísìkì ló ti dé 100. Àwọn alágbàṣe wà lóko, wọ́n káwọ́ gbera, wọ́n ń retí ẹni tó lọ gbé ebu wá láti abà, abà ọ̀hún sì jìnnà. RAM inú ẹ̀ sì jẹ́ 4 gígábáìtì, kò tó nǹkan kan láyé ìsìnyí.

Mo bẹ ọ̀gbẹ́ni náà pé kó yọ SSD kan nínú ẹ̀rọ mìíràn tó wà nílẹ̀, kó fi sínú èyí, kó sì fi RAM 4 mìíràn kún un kó di 8. Inú ẹ̀ ò dùn sí i, àmọ́ ó ṣe é. Kọ̀ǹpútà kan náà, prósẹ́sọ̀ kan náà, ó ṣí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 20. CorelDRAW ṣí wẹ́rẹ́. Pósítà tí fọ́tò mẹ́fà wà nínú ẹ̀, à ń fà á sọ́tùn-ún sósì, kò fà sẹ́yìn. Oníṣọ́ọ̀bù pàápàá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó yára o." Kí lẹ rò tẹ́lẹ̀?

Nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́, mi ò rí àbùkù gidi lára ẹ̀. YouTube ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń ru ẹrù fídíò tuntun tí òyìnbó ń pè ní VP9, torí àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ máa gé fídíò pẹ̀lú Premiere ẹ̀dà tuntun ni mo máa sọ fún pé kó wá nǹkan mìíràn, torí ìran kẹfà sókè làwọn yẹn ń béèrè.

Ó wá kan géèmù, èyí tọ́mọ ń retí. Ó ti kó géèmù sínú fúláàṣì wá láti ilé. GTA San Andreas sáré bí ehoro. PES 2013, tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa títí dòní, náà ń lọ geere nígbà tá a dín bí àwòrán ṣe ń dán kù díẹ̀. A wá fi GTA V sí i. Yéè! Ọkọ̀ tó yẹ kó máa sáré, ńṣe ló ń fò láti ibì kan bọ́ sí ibòmíì bí àwòrán inú ìwé tẹ́nì kan ń ṣí.

Ọmọ náà ní, "Bọ̀dá, mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kó jẹ́ i7."

Rárá o. Nígbà táwọn tó ṣe GTA V gbé e jáde fún kọ̀ǹpútà ní oṣù kẹrin ọdún 2015, wọ́n kọ irú prósẹ́sọ̀ tí wọ́n fẹ́ kéèyàn ní kí géèmù náà lè dùn. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ? Intel Core i5-3470. Orúkọ ẹ̀ gan-an gan-an! Ohun tó kù ni pé wọ́n tún kọ káàdì àwòrán GTX 660 mọ́ ọn. Kò sí káàdì kankan nínú ti wa. Èyí tí Intel dá mọ́ prósẹ́sọ̀ náà, HD 2500, ló ń dá ya gbogbo àwòrán yẹn, òun sì ni aláìlera ilé. i7 ò lè wo àìsàn yẹn sàn.

Káàdì tó bá irú ẹ̀rọ yìí mu ni GTX 1050 Ti tó jáde lọ́dún 2016. Wátì 75 péré ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì nílò wáyà iná ọ̀tọ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí wátì 240 ni gbogbo iná tí OptiPlex kékeré yìí lè pín fún ara ẹ̀. Kó sì jẹ́ èyí tó rẹlẹ̀ o, torí káàdì gíga ò lè wọ àpótí yẹn. Pẹ̀lú ẹ̀, GTA V á máa ṣe nǹkan bí àwòrán 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn sì dára. Ẹni tó bá lọ ra káàdì ńlá olówó iyebíye fún un, ó fowó ṣòfò ni, àwọn alágbàṣe mẹ́rin ò ní í lè tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù tuntun sì tún yàtọ̀: FIFA 23 ní òun ò fẹ́ ohun tó kéré sí i5-6600K, ìran kẹfà. Mo sọ fún ọmọ yẹn pé kó má ṣèlérí ìyẹn fún oníbàárà kankan.

Nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tá a ò bá má mọ̀ ká ní a kánjú sanwó. Lẹ́yìn bí ààbọ̀ wákàtí tá a ti ń ṣe géèmù, fáànù inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ ìlọta. Ooru prósẹ́sọ̀ ti sún mọ́ 90. A ṣí àpótí, eruku tó wà níbẹ̀ pọ̀ débi tẹ́ ẹ lè gbin ẹ̀fọ́ sí i. Oje funfun tí wọ́n máa ń fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀ ti gbẹ, ó ti di ìyẹ̀fun. Wọ́n nu ún, wọ́n fi tuntun sí i, ooru ọ̀hún sì wálẹ̀ dé àádọ́rin ó lé díẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ò gbówó lórí. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn tẹ́ ẹ mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe ń ṣe, ẹ máa ṣí kọ̀ǹpútà yín gbọ̀n lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ iná ló wá dá èmi alára dúró. Mo ní mítà kékeré kan tí mo máa ń fi sáàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yẹn kàn wà ní títàn, wátì 35 ló ń jẹ. Nígbà tá a ń lò ó kíkankíkan, ó dé 85. Mọ́nítọ̀ ń jẹ bí 20 sí 25. Kì í ṣe nǹkan ńlá, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní "I better pass my neighbour" ò mọ̀ bóyá wátì 60 lẹ fi lò ó tàbí 300, epo tó ń mu ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Látìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ta ló tún fẹ́ máa da bẹntiróòlù sí jẹnẹ nítorí lẹ́tà ojú ìwé kan?

Mo bá ọmọ náà ṣírò ẹ̀ lórí ìwé. Bátìrì sólà 12 fóòtì tó jẹ́ 200, ká ní ìdajì ẹ̀ lẹ ń lò kó má baà tètè kú, yóò gbé kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ fún iṣẹ́ títẹ̀ lásán fún wákàtí 12 sí 14. Bẹ́ ẹ bá fi káàdì géèmù sí i, tẹ́ ẹ sì ń ṣe géèmù, kò ní í ju márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Láptọ́ọ̀pù á pẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa lórí bátìrì kan náà, mi ò ní í parọ́. Ẹni tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló fẹ́ẹ́ máa tẹ̀, níbi tí iná ò ti dúró, láptọ́ọ̀pù ni màá sọ pé kó rà. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí ọmọ àdúgbò bá ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀ lálaalẹ́, bọ́tìnnì ẹ̀ ò ní í pẹ́ ya. Ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ lẹ máa pààrọ̀, owó díẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Windows ló kù. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tó jáde lọ́dún 2021 ò gba ìran kẹta, ìran kẹjọ ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Intel. Àwọn kan ń fọgbọ́n gbé e wọlé, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí kankan fún irú wọn. Ẹni tí kò bá nílò CorelDRAW lè lo Linux Mint, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n pósítà òkú ni oúnjẹ ọmọ yìí. Mo ní kó máa lo Windows 10 tó wà níbẹ̀, kó má ṣe iṣẹ́ báńkì kankan lórí ẹ̀, kó sì ṣọ́ra fún fúláàṣì oníbàárà.

Ọ̀gbẹ́ni náà ní i5-8400 kan nílẹ̀, ìran kẹjọ, alágbàṣe mẹ́fà, èyí tí Windows 11 gbà. Ká ní owó wà ni, ìyẹn ni màá ní kí wọ́n gbé. Owó tó pè é fẹ́ẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Mo wo ojú ọmọ náà, mo rántí àwo èlùbọ́ tí ìyá ẹ̀ ń wọ̀n, mi ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́.

A jókòó ná ọjà. Mo ní i5 lẹ ń tà, ẹ má gba owó i7. Ó ní òun ò lè jẹ gbèsè. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí sítíkà yẹn kúrò lójú wa ká tó máa bọ́rọ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi èékánná họ ọ́ kúrò. Ìgbà tá a dìde, SSD àti RAM tó ti fi kún un ti wà nínú owó àkọ́kọ́ tó pè, ó sì tún yọ díẹ̀ kúrò fún wa, èyí tá a fi kún owó UPS. Ó kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé i5-3470 ni, àti pé a lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Káàdì géèmù dìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bá ti pa owó ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Nígbà tá a gbé páálí sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Òfíkì, ẹ̀gbọ́n mi jáde, àtẹ èlùbọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ṣé i-sẹ́fùn náà rèé?"

Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. I-fáìfù ni."

Wọ́n wo ọmọ wọn, wọ́n wò mí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kó tẹ fọ́tò Màmá jáde kó tó di ọjọ́ ìrántí wọn." Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ pósítà ọ̀hún, kí iná tó lọ ní aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. UPS ké, ó tẹ Save.